Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè

Bí ẹ bá dé Mount Hope, ní Bronx, tí ẹ ní Tóyè súpà lẹ ń wá, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pópó á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Ilé alájà mẹ́fà, ọgọ́ta ìdílé, èmi nìkan ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń mọ páìpù tó fẹ́ bẹ́ kó tó bẹ́. Ìwé mi kò jìnnà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kíláàsì kẹwàá ni mo wà tí mo fi sọ fún ìwé pé ó dìgbóṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì, bí ìdílé kan bá fẹ́ kó ìtàn baba ńlá wọn jọ, ì báà jẹ́ ọmọ Ghana, ì báà jẹ́ ọmọ Dominican, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé páálí bàtà tí wọ́n kó fọ́tò sí wá. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá bá mi, ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Mọ́mọ́nì. Ó bi mí léèrè yunifásítì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Mo ní, “Yunifásítì Màmá Àgbà ni, àjà kẹrin, yàrá ẹ̀yìn.” Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò dá a dúró, torí òótọ́ ni mo sọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ìgbà òtútù kan ṣoṣo tí Màmá Àgbà lò lọ́dọ̀ wa ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ewé ń já bọ́ lára igi nígbà tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Àjà kẹrin ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí èyí tí mo ń tọ́jú báyìí. Yàrá méjì àti pálọ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ sikiọ́rítì ní ilé ìtajà ńlá kan ní Manhattan. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Èmi ń lọ sílé ìwé, tí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló wá di ẹnì kẹrin wa. Ilé yẹn kì í dákẹ́. Láàárọ̀, páìpù ìgbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í kan kó-kó-kó, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Màmá Àgbà gbà pé àlejò ló ń kanlẹ̀kùn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń dá páìpù lóhùn pé, “Ẹ wọlé o.” Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá Jerome kọjá á mi àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ará òkè wa á tẹ rédíò rẹ̀, á máa jó, àwa nísàlẹ̀ á sì mọ ìgbà tó yí ìdí padà. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, òórùn ata díndín ìyá mi á gba gbogbo àtẹ̀gùn, àwọn aládùúgbò á máa wúkọ́ láti àjà kẹrin dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ń kó aṣọ lọ fọ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé, èmi ni mo sì ń jókòó ti Màmá Àgbà láti ṣa ẹ̀wà. Mo sọ fún un pé ẹ̀wà inú páálí America kì í ní òkúta. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Òkúta tí o kò wá ni yóò fọ́ ọ léyín.” Mo ṣa ẹ̀wà ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò rí òkúta kankan. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo bá fẹ́ ṣí fáàfù omi gbígbóná, mo máa ń fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn súpà tó kàwé jù mí lọ, omi gbígbóná ti bó wọn. Èmi kò ní àpá kankan.

Ohun kan wà lára Màmá Àgbà tí mo kà sí àwàdà. Kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan máa ń wá láti ìjọ wa, ẹ̀wù funfun lọ́rùn, káàdì dúdú láyà, tí wọ́n kọ Alàgbà sí. Màmá Àgbà wo àgbọ̀n wọn fínnífínní, ó ní, “Alàgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹ jókòó, ẹ jẹun.” Kí wọ́n tó jẹun tán, ó ti sọ ọ̀kan ní Agùntáṣọólò, ó sọ èkejì ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́-Tòmátì. Èmi, Ọkọ mi ló ń pè mí. Wọ́n bí mi lẹ́yìn tí bàbá bàbá mi ti kú tipẹ́, èmi ni ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e nínú ilé, ni wọ́n bá sọ mí ní Babátúndé. Lójú Màmá Àgbà, ọkọ rẹ̀ ló lọ tó bọ̀. Ó máa ń yọ ẹran tó tóbi jù sí àwo mi, bí ìyá mi bá sì wò ó, á ní, “Olówó orí mi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” Nígbà tí a mú un lọ sí kílíníìkì, obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi í léèrè orúkọ ìdílé rẹ̀, èmi sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìdílé wa ń jẹ́ Ògúntóyè, orúkọ bàbá bàbá mi gan-an nìyẹn. Màmá Àgbà na pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí obìnrin náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ṣọ níta gbangba. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá sì dúró nísàlẹ̀, tí wọ́n ń ké “Tóyè! Tóyè!” lábẹ́ fèrèsé wa, á fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀, á ní, “Ẹ wo bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń ju orúkọ ọkọ mi sókè bíi bọ́ọ̀lù.” Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ wọ ìjọ Mọ́mọ́nì, ó sì wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Ọtí kò sí nínú ilé wa, kọfí kò sí, tíì kò sí. Màmá Àgbà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gba ti ọtí, ó gba ti kọfí, ṣùgbọ́n ti tíì kò yé e. “Kí ni tíì ṣe Ọlọ́run?” Bàbá mi ní, “Màmá, òfin ni.” Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, ó máa ń bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀pù, á da mílíìkì sí i, á ju ṣúgà méjì sí i, á dijú, á fà á díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi bi í léèrè ohun tó ń mu. Ó ní, “Ìrántí tíì ni mò ń mu. Ṣé òfin wà fún ìyẹn náà?” Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìjọ wa tó wọ̀ ọ́ lára. Àwọn Mọ́mọ́nì kì í gbàgbé òkú wọn. Wọ́n á kọ orúkọ bàbá, wọ́n á kọ ti bàbá bàbá àti gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, alààyè á sì lọ sí tẹ́mpìlì lọ dúró fún òkú, kí ilé lè so pọ̀, kó má tú mọ́. Nígbà tí bàbá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí gbọ́n o. Ta ló kọ́ wọn?”

Orúkọ ni ìṣòro bàbá mi. Kò mọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá bàbá rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò mọ ti bàbá tiyín náà. Mo ti bi èèyàn léèrè tó. Ọmọ kékeré ni bàbá mi nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Màmá Àgbà sì gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn tó gbọ́ nípa wọn, Bàbá Olóko ni, Ìyá Òkè-Àgbàrá ni. Ọmọ wo ló ń bi àgbà léèrè pé kí lorúkọ yín? Mẹ́fà ni wọ́n, yàtọ̀ sí bàbá bàbá mi, gbogbo wọn ti kú, àwọn kan kò sì bímọ. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ orúkọ wọn, ẹnu Màmá Àgbà ni. Wọ́n sì ti gé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, ilé ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni ìjọ wa fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ìdílé, tí olúkúlùkù á gbé àwòrán igi ìdílé rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn.

Sístà Rúùtù ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Òyìnbó arúgbó, opó, láti Utah. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú rẹ́kọ́dà inú àpò awọ, ó ń gba ìtàn sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wa, ẹlẹ́fétọ̀ kò ṣiṣẹ́, ó dé òkè, kò lè sọ̀rọ̀. Màmá Àgbà wo irun rẹ̀, ó ní, “Onírun-Òwú, ẹ kú àtẹ̀gùn. Bù fún un lómi, Ọkọ mi.” Èmi ni mo jókòó láàárín wọn, èmi ni ògbufọ̀. Olùkọ́ mi nílé ìwé ń sọ pé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ yẹn mo jókòó fún wákàtí mẹ́ta, èdè méjì ń gba orí mi kọjá bíi reluwé, ọ̀kan kò kọlu èkejì. Kí Màmá Àgbà má bàa tijú, Sístà Rúùtù kọ́kọ́ sọ ìtàn tirẹ̀. Ó ní ìyá ìyá bàbá òun wà nínú aginjù òkè Utah nígbà òtútù, ìyẹ̀fun tó kù nínú àpótí kò ju oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbá arúgbó kan, onírùngbọ̀n funfun, kanlẹ̀kùn, ó tọrọ búrẹ́dì. Obìnrin náà fi ìyẹ̀fun tó kù ṣe búrẹ́dì fún un. Bàbá yẹn súre fún un pé ìyẹ̀fun kò ní tán nínú ilé náà, ó jáde. Obìnrin náà tẹ̀lé e síta láti fi ọ̀nà hàn án. Yìnyín tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí ipasẹ̀ kankan. Ìyẹ̀fun kò sì tán títí tí wọ́n fi kórè. Sístà Rúùtù ní kò sí ìdílé Mọ́mọ́nì àtijọ́ kan tí kò ní irú ìtàn bàbá arúgbó yìí.

Mo túmọ̀ rẹ̀ tán. Ẹnu kò ya Màmá Àgbà. Ó ní, “Bi í pé, ṣé bàbá náà ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro díẹ̀?” Sístà Rúùtù ní òun kò mọ̀. Màmá Àgbà ní, “Òun ni. A mọ̀ ọ́n.” Ló bá sọ ti ilé ìyá tirẹ̀, lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ gbogbo kànga ìlú, tí arúgbó kan tó ń tiro tọrọ omi, tí ìyá rẹ̀ sì tẹ ìkòkò, tó fún un ní omi díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà dé ọjọ́ tí òjò rọ̀, ìkòkò yẹn kò gbẹ. Sístà Rúùtù di àyà mú. Màmá Àgbà ní, “Sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ yà sí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.” Sístà Rúùtù ní tiwọn ti pẹ́ gan-an o. Màmá Àgbà ní, “Tiwa ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, òun náà tiẹ̀ ń tiro, ó máa pẹ́ kó tó dé Utah.” Ìyá mi, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tòun. Ó ní nígbà tó lóyún mi, tó gbé àpò ìrẹsì méjì dé ìsàlẹ̀ ilé, tí ẹlẹ́fétọ̀ kò ṣiṣẹ́, bàbá kan ló gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé àjà kẹrin. Ó yíjú láti dúpẹ́, kò rí ẹnìkan. Ó wádìí yí gbogbo ilé ká, wọ́n ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà ní, “Ṣé ó ń tiro?” Ìyá mi ronú díẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó gbé ìrẹsì méjì gun àjà mẹ́rin, ta ni kò ní tiro?” Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Rẹ́kọ́dà gbà á sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti tọrọ rẹ̀. Mi ò fún wọn.

Nígbà tó yá, Sístà Rúùtù tẹ́ bébà ńlá kan sórí tábìlì, wọ́n ya igi sí i, àyè orúkọ wà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ó gbé gègé yíǹkì dúdú fún mi, torí ó ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: nǹkan mìíràn nílé ìwé lè má gbà fún mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi lẹ́wà. Mo bi Màmá Àgbà léèrè orúkọ àwọn ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wo rẹ́kọ́dà, ó wo mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, èmi náà ń kọ wọ́n, ahọ́n mi ń yọ síta. Eyínfúnjowó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Adúmáradán. Ìbàdí-Àrán. Gbajúmọ̀. Akọ̀wé. Mo wo bébà náà, inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Sístà Rúùtù ní orúkọ wọn dùn létí bí orin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí orúkọ ìdílé wa ṣe rí nìyẹn.

Bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ kóòtù, ó dúró ti tábìlì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà.

“Túndé, ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó?”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni, sà.”

“Ta ni wọ́n fi omi sọ lórúkọ láyé yìí tí wọ́n sọ ní Eyínfúnjowó? Ṣé eyín la fẹ́ mú lọ sí tẹ́mpìlì? Ìbàdí-Àrán. Ṣé ìbàdí àǹtí mi ni kí n gbé síwájú bíṣọ́ọ̀bù?”

Ìyá mi ti bọ́ sí kíṣíìnì, a ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀. Òun ló pè mí sẹ́yìn, tó ṣàlàyé. Ó ní ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọjọ́ tó bá wọlé, gbogbo ẹni tó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kódà ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyàwó á wo ohun tó dára lára olúkúlùkù, á fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ ni Eyínfúnjowó. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Akọ̀wé lè má mọ ìwé rárá o, ó lè jẹ́ pé ó kàn máa ń fi gègé sétí ni. Mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Yíǹkì dúdú tí kì í parẹ́. Ìtìjú mú mi, èmi tí ìtìjú kì í mú.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù sikiọ́rítì rẹ̀, níwájú Màmá Àgbà. “Màmá, ẹ dákun. Etí mi nìkan ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí.”

Ó ní, “Dìde, aṣọ iṣẹ́ rẹ á dọ̀tí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, mi ò pè wọ́n rí. Mi ò pè wọ́n nígbà tí inú bí mi, mi ò pè wọ́n nígbà tí mò ń sunkún wọn. Ṣé ìlú yìnyín ni mo máa wá ti sọ ara mi di aláìlẹ́kọ̀ọ́?”

“Màmá, bí ẹ bá fi ibí sílẹ̀ láìsọ ọ́, wọ́n parẹ́ nìyẹn.”

Ó ní, “Èmi náà mọ̀.”

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì mo bá a nídìí fèrèsé, ó to ẹ̀pà mẹ́fà sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Orúkọ náà ń dé ẹnu, wọ́n ń padà. Títí dòní, bí mo bá rí arúgbó tí ètè rẹ̀ ń mì nínú ìjọ wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, ọgbọ́n àyínìke ni mo kọ́kọ́ dá. Mo ń sọ orúkọ oríṣiríṣi sí i, bóyá á mi orí: ṣé Adéwálé ni, ṣé Bólá ni? Ó ní ọwọ́ òfìfo ni mo fi ń pẹja. Mo yá rẹ́kọ́dà lọ́wọ́ Sístà Rúùtù, mo kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí Màmá Àgbà, bóyá á sọ ọ́ lójú oorun. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ohùn rẹ̀ ló jáde, ketekete: “Onírun-Òwú, ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ mi ló gbé yín síbí.”

Ọjọ́ Ìdílé ku ọjọ́ méjì. A jókòó, a ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í léèrè, láìní ẹ̀tàn kankan nínú, “Màmá, bí ìyàwó bá ṣèèṣì pe orúkọ náà ńkọ́?”

“Á kúnlẹ̀, á bẹ àwọn ọkọ, wọ́n á dárí jì í.”

“Ta ni àwọn ọkọ?”

“Gbogbo ọmọ ilé. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé yẹn.”

“Ṣé wọ́n lè dárí jì í kó tó pè é?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní, “Wọ́n lè yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè yọ̀ǹda fún mi ti kú tán.”

“Bàbá mi kò tíì kú.”

“Bàbá rẹ, èmi ni mo bí i. Ìdí tí mo nù, ṣé òun ló máa yọ̀ǹda fún mi?”

Mo ní, “Èmi ńkọ́?”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń ra adìyẹ. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ, òótọ́ ni. Ìwọ ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.”

Láàárọ̀ Sátidé, yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo jókòó sórí àga bàbá mi, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Mo dé fìlà bàbá mi, ó bò mí dé ìpéǹpéjú. Bàbá mi dúró ti ògiri, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Màmá Àgbà ti yàrá rẹ̀ jáde. Ó ti wẹ̀, ó ti ró aṣọ tó gbé wá fún ọjọ́ ìrìnàjò, ó ti wé gèlè. Ó rọra kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe dún. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó.” Gbogbo ìgboyà mi sá. Mo ní, “Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbójú sókè, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ọkọ kì í bẹ ìyàwó báyìí. Sọ ọ̀rọ̀ rẹ, orúnkún ń dùn mí.” Mo wú ikọ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ tí bàbá mi ń wú u. Mo ní, “Ìyàwó wa, a gbọ́ pé o mọ orúkọ wa. O ti ṣe dáadáa tí o kò pè é. A yọ̀ǹda fún ọ lónìí. Pè wá.” Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ bi ìyá mi, ó ṣì wà láyé, ó ń gbé ní Park Hill, á sọ fún yín pé ìpọnbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Màmá Àgbà fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní, “Eyínfúnjowó ni Ògúndélé.” Ó wo òkè, bí ẹni tó ń retí kí òrùlé já. Òrùlé kò já. Páìpù kan kó-kó. Ó ní, “Ẹ wọlé o,” ó sì ń bá a lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Abọ́sẹ̀dé. Adúmáradán ni Òjó. Ìbàdí-Àrán ni Àìná. Gbajúmọ̀ ni Fátóyìnbó. Akọ̀wé ni Ìdòwú. Ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń fẹ́lẹ́ sí i, ó ń di ohùn ọmọge. Èmi ń kọ ọ́ lórí itan mi. Bàbá mi ti bo ojú. Nígbà tó parí, bàbá mi ní, “Màmá, àti bàbá mi?” Màmá Àgbà di orúnkún mi mú, ó fi dìde dúró. Ó ní, “Ìyẹn, ìwọ mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ fúnra rẹ. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níṣojú rẹ̀?” Ó bọ́ fìlà kúrò lórí mi, ó ní kí n lọ fọ ẹnu, mi ò tíì fọ ẹnu láti àárọ̀.

A kò fa bébà náà ya. Màmá Àgbà ní orúkọ tí òun fi ìfẹ́ sọ wọ́n, kò sẹ́ni tó máa fi bébà tuntun pa á rẹ́. Mo kọ orúkọ gidi sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá mi kọ Ògúntóyè sí ìdí igi náà. Nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì, igi àwọn ẹlòmíràn ní fọ́tò, ó ní rìbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ìdí tiwa ni èrò pọ̀ sí. Sístà Rúùtù ń ṣàlàyé Ìbàdí-Àrán fún bíṣọ́ọ̀bù, ojú bíṣọ́ọ̀bù ń pọ́n. Orúkọ ìsàlẹ̀ ló lọ sí tẹ́mpìlì. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìdílé yòówù tó bá gbé páálí bàtà wá bá mi, ìlà méjì ni mo ń fà sábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti ohun tí ìyàwó ilé ń pè é. Ìlà kejì ni ìtàn ti ń jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwé òun, pé ọ̀nà Tóyè ni. Mo ní kó kọ ọ́ dáadáa, kó má gbàgbé àmì orí rẹ̀.

Yìnyín yọ́. A gbé Màmá Àgbà lọ sí JFK, pẹ̀lú àpótí méjì àti kóòtù ìyá mi tó wọ̀ lé aṣọ rẹ̀. Ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí ẹ̀yìn okùn tí a kò lè kọjá, ó wà láàárín èrò tó ń fa àpò lọ. Mo rò pé ó ti lọ. Ó dúró, ó yíjú padà, ó pariwo gbọnmọgbọnmọ, bí obìnrin tó ń pe ẹnì kan láti òdì kejì oko: “Ògúntóyè!”

Bàbá mi di èjìká mi mú. Nínú gbogbo ayé rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láti ẹnu ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn kò lè jẹ́ ẹ, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn jẹ́ ẹ. Mo na ọrùn, mo dáhùn bí àgbàlagbà, “Hòoo!” Àwọn èrò wò mí. Màmá Àgbà mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti pé, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé. Ó lo ọdún púpọ̀ sí i nílé, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Ọkọ mi ló sì ń pè mí títí tó fi sùn. Kò pe orúkọ yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló pè é, èmi ni mo sì jẹ́ ẹ.